Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Kò Dára

Kí Ẹ̀bùnọlá tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ ti kú, tí wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ Àdùnní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ní Ìyìn-Èkìtì. Àdùnní kò fi ebi pa á. Ó rán an níléèwé, ó ra aṣọ ọdún fún un bó ṣe ń rà á fún àwọn ọmọ tó bí, nígbà tí ibà sì dá a wó, ẹ̀yìn Àdùnní ló wà títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ kan tí kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Bí Ẹ̀bùnọlá bá da omi nù, bí gíláàsì àtùpà bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, Àdùnní á gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè, á wò ó bí ẹni ń wo iṣu tó ti jẹrà, á ní, "Ọwọ́ yìí kò dára. Ohun tó bá ti kàn, ó bàjẹ́ náà nìyẹn."

Àdùnní ti kú tipẹ́. Ẹ̀bùnọlá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ó ti di ìyàwó Ọlátúbọ̀sún tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó ti di ìyá Monínúọlá tó wà ní iléèwé gírámà, òun fúnra rẹ̀ sì ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ nínú yàrá iwájú ilé wọn ní Adó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àdùnní kò bá a kú. Ó kàn kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sẹ́nu Ẹ̀bùnọlá ni. Bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ, Ẹ̀bùnọlá á ní, "Ọwọ́ burúkú." Bí ó bá ṣi aṣọ gé, á ní, "Mo kúkú mọ̀ pé màá bà á jẹ́." Kì í pariwo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń kí ará ilé, àwọn ará ilé sì ti gbọ́ ọ títí tí wọn kò fi kọbi ara sí i mọ́.

Ní ọdún 1977 ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í da ọkọ rẹ̀ láàmú. Ọlátúbọ̀sún kọ́kọ́ rò pé awò ojú òun ló dọ̀tí. Á yọ ọ́, á nù ún, á tún un wọ̀, ìkùukùu náà á ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò dá àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ mọ̀ láti òdìkejì pápá mọ́, àfi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Dókítà ojú tó lọ rí ní Ìbàdàn sọ pé awọ kan ló ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n kò tíì tó àsìkò. Kó máa lọ ná, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò mọ́.

Iléèwé tí Ọlátúbọ̀sún ń ṣe ọ̀gá fún wà ní Ìyìn, Adó ni wọ́n sì ń gbé. Ojoojúmọ́ ló ti ń wa mọ́tò ìjàpá wọn lọ, tó ń wà á bọ̀. Ní báyìí, ó di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò ní gáréèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, kò rí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì já sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ló fà á jáde. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé àyà, ojúgun rẹ̀ sì ti bó.

Ẹ̀bùnọlá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ojú egbò náà.

"Ìyá Moní," ni ọkọ rẹ̀ sọ, "mọ́tò wà níta tí ẹnì kan ò lò. Kí ni kò jẹ́ kó o kọ́ ọ?"

Ẹ̀bùnọlá rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Moní, ẹ mọ ọwọ́ mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fọ egbò mi lọ́wọ́ báyìí, kò sì dùn mí."

Ó di aṣọ mọ́ egbò náà, ó lọ da omi nù. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ tó rí lára aṣọ ọkọ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ni. Àwọn tó ti kọ́ níwèé wà lára àwọn tó dúró ní gáréèjì yẹn. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó wọ bàtà, ó sọdá títì lọ sílé Bàbá Adéyẹyè.

Bàbá Adéyẹyè ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń kó kòkó láti Èkìtì lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, kó tó fẹ̀yìn tì. Alàgbà ni ní ìjọ Àládùúrà kan nítòsí àdúgbò Adébáyọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùnọlá kò tíì ṣàlàyé tán tó fi dìde lọ mú fìlà rẹ̀.

"Ká lọ wo mọ́tò náà," ló sọ.

Pápá iléèwé kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọlé. Bàbá ní kí Ẹ̀bùnọlá jókòó síbi ìwakọ̀. Ó fi kílọ́ọ̀ṣì hàn án, ó fi bíréèkì hàn án, ó fi bí wọ́n ṣe ń ki jíà hàn án. Ẹ̀bùnọlá ṣíná sí mọ́tò. Ó ki jíà. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò náà ta gìrì, ó sì kú.

"Ọwọ́ burúkú," ni Ẹ̀bùnọlá sọ.

Bàbá Adéyẹyè bojú wo ẹ̀yìn mọ́tò. Kò rí ẹnì kankan. "Ta lò ń bá wí?"

"Ara mi ni, Bàbá."

"Kí ni ara rẹ ṣe?"

"Mo pa mọ́tò."

"Báwo lo ṣe pa á?"

Ẹ̀bùnọlá rò ó wò. "Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò dára. Láti kékeré ni."

"Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì," ni Bàbá sọ. "Ẹsẹ̀ ni. O tètè gbé e, òun ló fi kú. Tún un tàn."

Ó tún un tàn. Ó tún kú. Nígbà tí Ẹ̀bùnọlá máa fi la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Bàbá na ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sínú àpò.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi," ló sọ. "Mo ti kọ́ èèyàn púpọ̀ ní mọ́tò, mi ò sì bú ọ̀kan nínú wọn rí. Bí mo bá ń bú wọn, èébú ni wọ́n á máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Mi ò sì gbà kí ẹlòmíràn bú wọn nínú mọ́tò tí mo bá jókòó sí. Ìwọ náà ò gbọ́dọ̀ bú ẹni tí mò ń kọ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó o sọ fún mi. Má sọ irú ẹni tó o jẹ́. Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn."

Ó dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ kò rọrùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ Ẹ̀bùnọlá ti mọ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá jíà láìwò ó. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà á ti jáde kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. Bàbá kì í bínú. Á kàn na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò tí kò rìn, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ eruku kọjá lórí pápá, títí Ẹ̀bùnọlá á fi wí pé, "Mo ki jíà kẹta níbi tó yẹ kí n ti ki ìkejì."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá á wí. "Ìyẹn ní àtúnṣe." Á sì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi máńgòrò, Ẹ̀bùnọlá béèrè ibi tí Bàbá ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

"O rántí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún?"

"Mo rántí, Bàbá. Wọ́n ń kéde rẹ̀ lórí rédíò lójoojúmọ́."

"Ọwọ́ òsì ni mo ti ń wà á láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Nígbà tí wọ́n yí i padà, mo gbé kòkó, mo kọrí sí Ìlẹ́ṣà. Mò ń sọ nínú ara mi pé, 'Adéyẹyè, o ti darúgbó, wàá pa èèyàn lónìí.' Mo sọ ọ́ títí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn lóòótọ́, torí ibi tí mo ti ń bá ara mi wí ni mo ti yà padà sọ́wọ́ òsì, ọkùnrin kan sì ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọlọ́run ló yọ àwa méjèèjì. Mo dúró. Mo gbàdúrà. Nígbà tí mo tún gbéra, mo ní mi ò ní bá Adéyẹyè sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Mò ń sọ ọ́ sókè ketekete pé ọwọ́ ọ̀tún nìyí, kọ́nà ń bọ̀, ewúrẹ́ kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé orí mi ti yí."

Ó rẹ́rìn-ín, Ẹ̀bùnọlá náà rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé irú ẹni bíi Bàbá Adéyẹyè, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀gá awakọ̀, ti fi ẹnu ara rẹ̀ dẹ́rù ba ara rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sójú títì. Àsìkò ìkórè kòkó ni, àwọn èèyàn sì ń sá kòkó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí Ẹ̀bùnọlá ṣe ń wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ òkè ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà, ewúrẹ́ kan já sójú títì. Ó yà fún un. Mọ́tò gun orí ẹní, ó sì tẹ kòkó ẹlẹ́kòkó mọ́lẹ̀ kó tó dúró.

Ẹ̀bùnọlá sọ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adérẹ̀mí jáde láti inú ilé tó wà níbẹ̀, ó gbé agbọ̀n dání. Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀ sínú eruku, gbogbo ohun tí Bàbá ti kọ́ ọ sì fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi kò dára. Ohun tí mo bá ti fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré, mi ò gbọ́. Mi ò já mọ́ nǹkan kan. Òmùgọ̀ ni mí, kò yẹ kí irú mi jókòó sínú mọ́tò."

Ìyá Adérẹ̀mí dúró, ó ń gbọ́. Ó wo ẹní, ó wo ewúrẹ́, ó tún wo obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ìyá," ló sọ. "Kí lẹ ń bú ara yín sí tó báyìí? Kòkó ni mo sá síbẹ̀, mi ò sá ọmọ. Ewúrẹ́ ló sì sáré wọ títì, mo rí i láti ojú fèrèsé. Ewúrẹ́ mi náà ni. Ṣé kẹ́ ẹ wá pa á ni?"

Ẹ̀bùnọlá dìde.

"Ẹ wá," ni Ìyá Adérẹ̀mí wí, "ẹ jẹ́ ká ṣà á." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn tó fọ́ sọ́tọ̀. Ẹ̀bùnọlá bẹ̀rẹ̀ tì í. Bàbá Adéyẹyè náà ká ṣòkòtò sókè, ó bá wọn lọ́wọ́ sí i. Díẹ̀ ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kàn wọ inú iyẹ̀pẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, Ìyá Adérẹ̀mí gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Ìyá, tí ẹlòmíràn bá bú yín báyẹn níwájú mi, màá bá onítọ̀hún jà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bú ara yín, mi ò wá mọ ẹni tí màá gbèjà."

Wọ́n padà sínú mọ́tò. Ẹ̀bùnọlá ń retí pé kí Bàbá na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú Ẹ̀bùnọlá ti kún fún omi. Kì í ṣe ìtìjú ló ń pa á lẹ́kún. Obìnrin tí kò mọ̀ rí, tó jẹ́ pé kòkó rẹ̀ ló tẹ̀, ti ṣàánú rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń bú ẹnì kan tí kò ní olùgbèjà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Bàbá bi í nígbà tó yá.

Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ewúrẹ́ sáré jáde. Mo yà fún un. Mo yà jù."

"Kí ni ò bá ṣe?"

"Ǹ bá tẹ bíréèkì, kí n má yà."

"Ó dáa. Gbéra."

Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ kó lè gba láísẹ́ǹsì, kò yege. Ó délé, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún bi í bó ṣe lọ.

"Wọn ò fún mi. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín igi méjì, táyà ẹ̀yìn gbá èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo pẹ́ kí n tó yí sítíárì. Wọ́n ní kí n padà wá."

Ọlátúbọ̀sún gbé ṣíbí dúró. Ó ń dúró de èyí tó kù, ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Ó tán?" ló bi í.

"Ó tán. Ọbẹ̀ yín á tutù."

Ìgbà tó padà lọ, wọ́n fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìyìn láràárọ̀, tó sì ń lọ gbé e bọ̀ lọ́sàn-án. Ohùn náà kò dákẹ́ pátápátá. Ó ṣì máa ń dé, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, tàbí tí ọkọ̀ ńlá bá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnọlá ti ń dá a mọ̀ nígbà tó bá dé, bí èèyàn ṣe ń dá ohùn ẹbí mọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í sì í dá a lóhùn mọ́.

Ilé Àdùnní wà lójú ọ̀nà tó ń gbà ní Ìyìn. Fún ìgbà pípẹ́ ló ń wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó tètè dé, ó dúró, ó wọlé lọ kí àwọn ẹbí. Wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n bá a ṣàwàdà nípa mọ́tò. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí Àdùnní ti máa ń jókòó fọ́ àgbàdo, ó sì rántí bí ẹ̀yìn obìnrin náà ṣe gbóná lọ́jọ́ tó pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn, tó ń sáré, tó ń pe orúkọ rẹ̀ kó má bàa sùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn fún ẹ̀yìn yẹn, àti fún iléèwé, àti fún aṣọ ọdún. Ọ̀rọ̀ yòókù, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kí wọn pé ó dìgbà, ó lọ gbé ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ọdún 1978, dókítà ní kí Ọlátúbọ̀sún máa bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ìbàdàn. Bàbá Adéyẹyè ló ti ṣèlérí pé òun máa gbé wọn lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó fi igi rìn wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú bí ọsàn ńlá.

"Kò lè tẹ bíréèkì," ló sọ, ó ń wo orúnkún náà. "Ìwọ lo máa wà á."

"Bàbá, mi ò tíì wa mọ́tò kọjá Ìgèdè rí."

"Òótọ́ ni. Wàá wà á kọjá Ìgèdè lónìí." Ó gbé ọwọ́ lé òrùlé mọ́tò, ó gbàdúrà fún wọn ní ṣókí, ó sì sún sẹ́yìn kí wọ́n lè kọjá.

Wọ́n kọjá Ìyìn, wọ́n kọjá Ìgèdè, wọ́n kọjá Aramọkọ. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Ìtawúrẹ́, níbi tí òkè pọ̀ sí, ọkọ̀ agégẹdú kan ń fà níwájú wọn, èéfín dúdú ń jáde lára rẹ̀. Láàárín òkè, ọkọ̀ náà dúró. Ẹ̀bùnọlá náà dúró. Nígbà tí agégẹdú tún gbéra, tí Ẹ̀bùnọlá fẹ́ tẹ̀ lé e, mọ́tò kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ èrò kan wà lẹ́yìn wọn tó ń fọn fèrè kíkankíkan. Ọlátúbọ̀sún di ilẹ̀kùn mú. Kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń padà sẹ́yìn.

Ohùn náà dé. Ó dé pẹ̀lú ohùn Àdùnní gan-an, bí ẹni pé obìnrin náà jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ọwọ́ yìí ló máa pa ọkọ rẹ.

Ẹ̀bùnọlá tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró. Ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè.

"Mọ́tò kú lórí òkè. Mo ti tẹ bíréèkì. Mo ti fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ṣì jìnnà sí wa díẹ̀. Mò ń tàn án. Ó ti tàn. Jíà kìíní. Mò ń gbé kílọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ti ń fà. Mò ń tú bíréèkì ọwọ́."

Mọ́tò kékeré náà gbọ̀n, ó kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ó ń gòkè," ni Ọlátúbọ̀sún sọ.

"Ó ń gòkè," ni Ẹ̀bùnọlá dá a lóhùn.

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n títí wọ́n fi dé Ìlẹ́ṣà. Ó jẹ́ kí ó máa gbọ̀n, kò bú u. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ sábẹ́ ahọ́n, nígbà tí wọ́n sì kọjá Ifẹ̀, Ẹ̀bùnọlá bá a gbè é.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún fún Ọlátúbọ̀sún. Ó yọrí sí rere. Ẹ̀bùnọlá dé sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Mọ́kọ́lá, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀, títí dókítà fi ní kí wọ́n máa lọlé, kí wọ́n má yọ aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ojú náà títí wọ́n á fi padà wá rí òun.

Ojú kan wà lábẹ́ aṣọ, ìkùukùu sì bo èkejì. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò ní Ìbàdàn, Ọlátúbọ̀sún jókòó bí afọ́jú. Ó ní, "Kí lò ń rí?"

"Ọ̀nà," ni Ẹ̀bùnọlá sọ.

"Mo mọ̀ pé ọ̀nà ni. Sọ ọ́ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ fún un nípa àwọn obìnrin tó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá títì, nípa ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n kọ orúkọ ìyá ẹni tó ni ín sí lára gàdàgbà, nípa ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ tí igi ìdáná wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìlẹ́ṣà, ó sọ fún un bí àwọn òkè ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú kùrukùru, bí àpáta ṣe ń dán níbi tí omi òjò ti ń ṣàn lára rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún ń bi í ní ìbéèrè. Irú igi wo? Ṣé àgbàdo wọn ti gbó? Ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí òun ti ń gba ọ̀nà yìí, òun ò mọ̀ pé nǹkan pọ̀ lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé Aramọkọ, ó ní, "Ìyá Moní, ṣé o mọ̀ pé láti Ìbàdàn, o ò tíì sọ̀rọ̀ burúkú kan sí ara rẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n ráyè," ni Ẹ̀bùnọlá sọ. "Ìbéèrè yín pọ̀ jù."

Ọlátúbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí ó fi di aṣọ ojú rẹ̀ mú kó má bàa tú.

Iwájú ilé Bàbá Adéyẹyè ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí ní Adó. Bàbá gbọ́ ìró mọ́tò, ó jáde pẹ̀lú igi rẹ̀. "Ẹ ti dé ulé," ló sọ, ó fi ohùn Èkìtì fà á gùn, ayọ̀ sì wà nínú ohùn náà. Ẹ̀bùnọlá ti ro ohun tó máa sọ fún un láti Ifẹ̀. Ó ti tò ó sọ́kàn dáadáa, ọ̀rọ̀ tó máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúnlẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò tò mọ́.

"Bàbá, ẹ ṣé. Mọ́tò kú lórí òkè Ìtawúrẹ́, mo sì tún un tàn. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ máa ń dá a padà."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó gbàdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ojú ọkọ rẹ̀ àti fún ọmọ wọn tó wà níléèwé. Ọlátúbọ̀sún, tó ṣì jókòó sínú mọ́tò, ń ṣe àmín láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó Bàbá Adéyẹyè jáde, ó ní òun ti gún iyán, ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tinú ilé òun lọ láìjẹun lẹ́yìn irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọlé, ó fi ìjókòó hàn án. Ó bu omi fún un, ó fọ ọwọ́ tirẹ̀ náà, wọ́n sì jẹun.